Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Òjò ti ń rọ̀ l'Óṣogbo, ẹ kó àwọn ọmọ jáde

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ o, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló sì ń béèrè nǹkan kan náà, bí tọmọdé tàgbà ṣe lè máa jáde lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nínú igbó, nínú oko àti lẹ́bàá odò. Mo mú márùn-ún níbẹ̀. Ẹni tí mi ò dá lóhùn kó má bínú, ààyè ló kéré.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Àbúrò mi tó wà ní Toronto máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp tó bá ti di oṣù kẹta, oṣù kẹrin. Gbogbo àdúgbò wọn ló máa ń jáde, tọmọ tàgbà, wọ́n á máa wo ẹyẹ, wọ́n á máa gba omi lára igi kan tí wọ́n fi ń ṣe oyin, àwọn ọmọ á yíra nínú ẹrẹ̀, ẹnì kan ò sì ní nà wọ́n. Tèmi ò mọ̀ ju kátúùnù lọ. Ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ níbí, ìgbà wo ló dáa jù, ta ló máa darí ẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ẹ lè ṣe é dáadáa. Ìgbà ìrúwé tiwọn lẹ rí nínú fídíò yẹn, òtútù ti há wọn mọ́lé fún oṣù bíi mélòó kan, ẹni tó bá wá rí oòrùn lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní gbélé mọ́. Ìdí tí ètò wọn fi máa ń pọ̀ lásìkò yẹn nìyẹn, títí kan Earth Day, ọjọ́ ìtọ́jú ilẹ̀ ayé, tí wọ́n ń ṣe ní 22 oṣù kẹrin, tó bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1970. Igi mápù sì nigi tí wọ́n ń gba omi ẹ̀ yẹn o. Tí òru bá tutù gan-an, tí ọ̀sán wá móoru díẹ̀, omi á máa kán lára ẹ̀, wọ́n á sì sè ẹ́ títí, bíi lítà 40 ló máa ń lọ sí lítà 1 omi dídùn tó ki bí oyin. Àwa ò ní mápù, ọ̀pẹ la ní, ẹ bẹ adẹ́mu kan kó gun ọ̀pẹ lójú àwọn ọmọ yín, kó fi igbà tó fi ń gùn ún hàn wọ́n, kó jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ẹmu ti ń kán sínú agbè, ẹ wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á tún rántí kátúùnù láàárọ̀ yẹn.

Àsìkò tiwa ni ìgbà àkọ́rọ̀ òjò, láti bí oṣù kẹta lọ. Mi ò rí ìgbà tó dùn tó o láàárín ọdún. Ilẹ̀ tó ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́ á kàn jí lójijì ni. Ìgbín tó ti fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarawun ẹ̀ tó sì sùn látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á ya á, á jáde lóru wá jẹun. Èsúsún á máa fò yí gílóòbù ká lálẹ́, ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ iná kẹ́ ẹ rí i, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dín in, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo bí ìyẹ́ ẹ̀ ṣe ń já, nítorí ọba àti ayaba ilé ikán tuntun ń bẹ láàárín wọn, ilé ni wọ́n ń wá lọ dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ á ti yé ẹyin sínú omi tó dúró lójú títì, tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó lójoojúmọ́ ẹ máa rí ìgbà tí ọmọ ẹ̀ á yọ ẹsẹ̀ tí ìrù á sì lọ. Ẹ̀ga á bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ jókòó sábẹ́ igi wọn kẹ́ ẹ wò wọ́n dáadáa, akọ ló ń hun ilé, á fa ewé ọ̀pẹ ya tín-ín-rín, á hun ún, á wá so rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ á máa gbọn ìyẹ́ kí abo lè wá yẹ ilé náà wò, tí abo bá wọlé tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn á bá tiẹ̀ lọ, tí kò bá wá séyìí tó gbà á, akọ á fọwọ́ ara ẹ̀ tú u palẹ̀, á tún òmíràn hun. Mo mọ àwọn onílé l'Óṣogbo yìí tí ìyẹn ì bá kọ́ lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi í síbẹ̀.

Lékeléke ní tiẹ̀, ẹ tètè wò ó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tójò bá ti rinlẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn á forí lé òkè ọya lọ pamọ. Ọmọ tó bá fẹ́ tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ ẹ̀ kó yáa ṣe é kíákíá.

Ní ti ẹni tó máa darí ẹ̀, ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ wá tíṣà kan tó fẹ́ràn ọmọ, ẹ bẹ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan l'Ọjà Ọba kó bá yín jáde ní Sátidé kan, ẹ fún un lówó o, ẹ má fi iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́, kò sí yunifásítì tó mọ ewé àdúgbò yín tó o. Ẹ má pín àwọn ọmọ sí kíláàsì, kí ọmọ ọdún mẹ́rin di ọwọ́ ìyá àgbà mú, kí ọ̀dọ́langba gbé omi. Ẹ má sì dá ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ má yan alága, tẹ́ ẹ bá ti rí kánópì àti ẹnì kan tó di gbohùngbohùn mú, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti jáde, torí òjò àsìkò yìí máa ń tẹ̀lé ìjì ńlá, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sì sábà máa ń dé. Tí ààrá bá ti ń sán, ẹ wọlé, ẹ má fara pamọ́ sábẹ́ igi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan tí àwọn ọmọ á máa bójú tó nílé, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àgbàdo mẹ́ta kó gbìn ín. Á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí oṣù mẹ́ta sí i wọ́n á sun ún jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ti lé láàádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ àdúgbò ní kí n wá bá àwọn lọ wo igbó. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? (Bàbá Tíṣà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin gan-an la ń wá. Ẹ ò ní rìn jìnnà, kí wọ́n gbé àga yín síbi tí igi pọ̀ sí, kí wọ́n máa já ewé wá bá yín, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ nípa ẹ̀. Akòko ni? Ẹ sọ fún wọn pé òun ni wọ́n ń fi lé olóyè lórí. Patanmọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án kó patan mọ́ lójú wọn. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀kan tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ dákun, ẹ má kọ nǹkan sórí bọ́ọ̀dù, sùkúù ti parí ní Fúráìdé.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ pé ìlú yìí ló yẹ ká ti rí i. Òṣogbo ìlú aró là ń ki ara wa, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló ti rí ẹ̀lú lórí ìdúró? Ẹ ní kí ìyá aláró kan fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń já ewé ẹ̀lú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí wọ́n ń gún un lódó, tí wọ́n ń mọ ọ́n ní ṣùkù ṣùkù, tí wọ́n á sá a gbẹ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ibi tó máa ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ yọ, á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, á sì di búlúù lójú wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni lójú méjèèjì, ibùdó tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ níbí ní 1983 ṣì ń kọ́ èèyàn ní àdìrẹ.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ sùkúù Sunday wa lọ sí igbó Ọ̀ṣun lọ wo igi àti ẹyẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣé kì í ṣe òrìṣà ni wọ́n fẹ́ mú wọn lọ bọ? (Ìyá Tíjẹsúnimí, Ògo-Olúwa)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tíjẹsúnimí, mi ò ní bá yín jà lórí ìgbàgbọ́ yín. Ojúbọ ni fáwọn tó ni ín, èyí kì í ṣe nǹkan tá a fẹ́ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́ rí i pé igbó gidi tún ni, ó tó hẹ́kítà 75, ó wà lára ìwọ̀nba igbó àtọjọ́mọ́jọ́ tó ṣẹ́ kù ní gúúsù Nàìjíríà, irú igi àti ewé tó wà níbẹ̀ ju 400 lọ, tí wọ́n sì ń fi ju 200 nínú wọn ṣe oògùn. Kò sí ẹni tó máa ní kí ọmọ yín wólẹ̀. Èèwọ̀ tó wà níbẹ̀, pé kéèyàn má gégi, kó má dọdẹ, kó má pẹja, òun náà ló jẹ́ kí ọ̀bọ ṣì máa fò lókè orí yín láàárín ìlú ńlá bí Òṣogbo, nígbà táwọn igbó mìíì ti di pílọ́ọ̀tì.

Ó sì kù díẹ̀ kí tiẹ̀ náà lọ. Wọ́n ti ń gé igi ẹ̀, wọ́n ń dáko síbẹ̀, kí Susanne Wenger tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó dúró tì í pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí bí Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Ìjọba sọ apá kan ẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1992, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, sì kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ní 2005. Àdùnní kú ní 2009, igbó ṣì wà.

Tí àwọn ọmọ bá lọ, kí wọ́n hùwà bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí àlejò hùwà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín. Kí wọ́n má fún ọ̀bọ ní bisikíìtì, á sọ wọ́n di olè ni. Owó wà tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn tíṣà lọ béèrè ṣáájú. Odò náà ńkọ́? Kí wọ́n wò ó lókèèrè. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti ba omi yẹn jẹ́, ẹ̀yin náà ẹ rí bó ṣe pupa, ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ kìlọ̀ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Ìyẹn gan-an tó ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n béèrè bí ohun tí wọ́n ń wà níbòmíì ṣe débí.

Tí ọkàn yín ò bá tún gbà á, oko wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ má torí ẹ̀ ní kí ọmọ jókòó sílé.

ÌBÉÈRÈ: Ejò ńkọ́? (Bàbá Sọliu, Òkè-Báálẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ó wà. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn ni kí gbogbo èèyàn wọ̀, kí àgbàlagbà tó wà níwájú mú ọ̀pá dání kó máa fi na koríko, kẹ́nikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ òkúta. Sèbé sábà máa ń sá tó bá gbọ́ ẹsẹ̀, paramọ́lẹ̀ ló máa ń dúró pa, òun ni kẹ́ ẹ máa wolẹ̀ fún. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi bíléèdì gé e, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fi òkúta dúdú sí i. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà tó bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ gbé e lọ sọ́síbítù ńlá lójú ẹsẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti lè rí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ẹ má lé ejò kiri.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, áàpù wo ló máa ń sọ orúkọ ewé àti ẹyẹ téèyàn bá ya fọ́tò ẹ̀? (Ọmọ UNIOSUN)

ÌDÁHÙN: iNaturalist, àwọn ọmọ yunifásítì ní Berkeley ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2008. Fún àwọn ọmọdé, Seek ló dáa jù, òun ò ní béèrè àkáǹtì. Tó bá jẹ́ ẹyẹ nìkan lo fẹ́, Merlin wà. Tó o bá fẹ́ kí ohun tó o rí wúlò, wá àwọn tó ń ṣe Nigerian Bird Atlas, wọ́n ń ya máàpù ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà káàkiri Nàìjíríà, èèyàn lásán bíi tìẹ ló ń kó o jọ fún wọn. Lóparí oṣù kẹrin, àwọn ìlú káàkiri ayé máa ń díje lórí iNaturalist, ìlú wo ló máa rí ohun abẹ̀mí jù, Los Angeles àti San Francisco ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2016. Kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ jọ. Dáàtà díẹ̀ ni, ṣáájì fóònù ẹ kó kún kó o tó jáde.