@ kì í ti ilẹ̀kùn

Ìbéèrè: Àbúrò, okun o. Wọ́n gba Facebook mi lóṣù tó kọjá, wọ́n ń fi orúkọ mi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe bá mi gbà á padà, ó gba 5,000 náírà, ó sì ṣe páásíwọ́ọ̀dù tuntun fún mi: Is@nlu1976. Ó ní @ yẹn ló lágbára, pé kí n máa gbé fóònù wá lóṣooṣù kó máa bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ti tó báyìí? (Oníṣòwò, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tó o. Ọmọ náà mọ páásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ sì tún kọ ọ́ ránṣẹ́ sí èmi náà. (Mo ti yí i díẹ̀ kí n tó gbé e síbí.) Kí ni ẹ wá tì pa?

Ọ̀rọ̀ @ yìí ti sú mi. Olè kì í jókòó máa fọwọ́ tẹ páásíwọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a ṣe é. Yóò kó orúkọ ìlú, orúkọ èèyàn, orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù fún un, kó máa fi wọ́n dánwò. Ó sì ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti mọ̀ pé àwa èèyàn máa ń fi @ rọ́pò a, ká fi 0 rọ́pò o, ká fi $ rọ́pò s. Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún ìbí ńkọ́? Láti 1940 dé 2010, ọdún 71 péré ni. Kò ní làágùn.

Gígùn ló ń dá olè lágara. Ẹ ṣí ìwé kan láì wò ó, ẹ fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin. Ká ní ó bọ́ sí ṣíbí, òjò, ewúrẹ́, kànga: sibiojoewurekanga, lẹ́tà 17, láìsí àmì ohùn. Bí ọ̀rọ̀ 5,000 bá wà tí ẹ lè ṣà nínú rẹ̀, ọ̀nà tó lè gbà jáde tó tírílíọ̀nù 625. Ẹ má lo tèmi yìí o, gbogbo ayé ti kà á. Ẹ má sì lo òwe, orin ìjọ tàbí oríkì ilé yín. Ohun tí ará àdúgbò lè kà lórí kì í ṣe àṣírí.

Ti pípààrọ̀ lóṣooṣù, owó lọmọ tó ń tún fóònù ṣe yẹn ń wá. Bill Burr tó kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, lọ́dún 2003 sọ lọ́dún 2017 pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Tí wọ́n bá ń fipá mú wa pààrọ̀, Isanlu1 ló ń di Isanlu2. Ìgbà tí ẹ bá fura pé ẹnìkan ti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bíi báyìí. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé kékeré nínú àpótí aṣọ yín. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè tú àpótí. Tó bá jẹ́ pé ará ilé yín ló ń tú u, ìyẹn yàtọ̀. PIN báǹkì ní tiẹ̀, ẹ má kọ ọ́ síbì kankan.

Ẹ ò sọ bí wọ́n ṣe gbà á lákọ̀ọ́kọ́. Ṣé kò sẹ́ni tó bẹ̀ yín pé kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà òun ṣèèṣì wọ fóònù yín? Bẹ́ẹ̀ bá ni, kóòdù yẹn ni wọ́n fi wọlé, páásíwọ́ọ̀dù tó gùn láti Kàbà dé Lọ́kọ́jà ò lè gbà yín. Mi ò rí fóònù náà, n ò lè búra. Bí owó bá sì ti jáde ní báǹkì, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Lónìí, ẹ wo ibi tí Facebook ti ń ṣàfihàn gbogbo fóònù tó wà lórí àkáǹtì yín, kí ẹ yọ èyí tí ẹ ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí tọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Tí kò bá yé yín, ẹ gbé e wá sí Kàbà lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ̀ ẹ́, èmi á kọjú sí títì títí ẹ óò fi parí.