“Restless”: kí ni kò balẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè: Tíṣà kọ “restless” sínú káàdì ọmọ mi. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú fáìlì màmá mi ní ọsibítù. Ṣé pé àwọn méjèèjì ò rí ìsinmi ni? — Ìyá ọmọ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Rárá o. “Rest” tó wà níbẹ̀ ló ń tan àwa Yorùbá jẹ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìjókòó a ní “I was restless today”, Òyìnbó tó gbọ́ á sì rò pé ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. “I had no rest” ló yẹ kó wí. Àìbalẹ̀ ni “restless”, kì í ṣe àìsinmi. Òyìnbó kì í sì í sábà dárúkọ ohun tí kò balẹ̀. Àwa la ó wá a: ìdí ni àbí ara, ọkàn ni àbí ẹsẹ̀?

Ti tíṣà, ìdí ni. Ọmọ yín kì í gbé ojú kan ní kíláàsì. Bó bá jókòó ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, tó ń fi bírò lu tábìlì, “fidgety” ló bá a mu jù. Ẹ bi tíṣà nípa ìgbà tó máa ń ṣe é. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tó ti parí iṣẹ́ ni, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà ló kéré fún un.

Ti nọ́ọ̀sì, ara ni, òun sì ni kí ẹ má fi ṣeré. Aláìsàn ń yí síhìn-ín, yí sọ́hùn-ún, ó ń fa okùn dírípù. Ìrora, ibà, ìtọ̀ tó kún tí kò rí i tọ̀, tàbí afẹ́fẹ́ tí kò tó o, lè fà á. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá. Ẹ má kàn dì í mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “restless night”, ó sùn, ó ń jí, ó ń yí padà. Ẹni tí kò sùn rárá ni “sleepless”.

“Restless legs” tiẹ̀ jẹ́ orúkọ àìsàn: lálẹ́, ẹsẹ̀ á máa ṣeni bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, béèyàn bá dìde rìn, á rọlẹ̀.

Ẹ má sì fi “restive” rọ́pò “restless”. Ẹṣin tó kọ̀ tí kò rìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, ará Ọ̀yọ́ tó mọ ẹṣin á tètè mọ irú ìwà yẹn. Òun ló di “youth restiveness” nínú ìwé ìròyìn wa: àwọn tí kò gbà kí wọ́n darí àwọn mọ́. Màmá yín ò bá ẹnikẹ́ni ṣorí kunkun.