Ta Ni Kò Ní Rí Ìdáríjì Gbà ní Òru Agbedeméjì Ṣàábánì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ilé wa, nítorí òru agbedeméjì Ṣàábánì (oṣù kẹjọ Mùsùlùmí) tí a fi ń tọrọ ìdáríjì, àwọn kan ń ṣọ́ òru lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, àwọn kan ní alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni. Ta ló gbà á? *(Òǹkàwé, Ìwó)*

Ìdáhùn: Àwọn ti alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá ló gbà á. Nínú kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí, alẹ́ ló ń ṣáájú ọ̀sán. Bí oòrùn ọjọ́ kẹrìnlá bá ti wọ̀ báyìí, tí wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ti wọlé nìyẹn, ó di àsùbáà kí òru náà tó tán. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ kejì, òru kẹrìndínlógún ló ń ṣọ́. Ní 2025, alẹ́ Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kejì, ló bọ́ sí. Ọdọọdún ló sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣín lọ.

Ìbéèrè: Àáfà kan ní ọgọ́rùn-ún ráká (ìpín ìrun) ni a gbọ́dọ̀ kí lóru ọjọ́ náà, ká ka súrà Kuliwúà mẹ́wàá nínú ráká kọ̀ọ̀kan. Orókún mi kò gbà á mọ́. Ṣé mo ti pàdánù ni? *(Ìyá àgbà kan, Ìlọrin)*

Ìdáhùn: Ẹ má dààmú orókún yín, Mà. Ìrun ọlọ́gọ́rùn-ún ráká yẹn, tí Kuliwúà rẹ̀ jẹ́ 1000, kò ti ọ̀dọ̀ Ànábì wá. Al-Nawawi, àgbà onímọ̀ tó kú ní 1277, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ *al-Majmu'* pé àdádáálẹ̀ tí kò dára ni.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Ibn Majah, onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, gbà wá, pé Ọlọ́run máa ń wo ẹ̀dá Rẹ̀ ní òru agbedeméjì Ṣàábánì, a sì forí jin gbogbo wọn, àyàfi ẹni tó ń bọ nǹkan mìíràn mọ́ Ọn, àti ẹni tó di ẹnìkejì rẹ̀ sínú. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí bí hádíìsì náà ṣe lágbára tó, àmọ́ nítorí pé ojú ọ̀nà tó gbà wá pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á. Ẹ wá wò ó: kò sí iye ráká kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yan odì láti ọdún mẹ́ta, tó wá ń kí ìrun títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì ló ń kàn.

Nítorí náà, kí oòrùn tó wọ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ "ẹ forí jì mí o, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín" sórí WhatsApp, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó nínú igba náà á kàn rẹ́rìn-ín ni. Bó bá jẹ́ gbèsè, owó ni kí ẹ gbé lọ. Bí kò bá pé, ẹ mú èyí tó wà lọ́wọ́ lọ, kí ẹ sì dá ọjọ́ ìyókù. Bí olówó bá ti kú, àwọn ajogún rẹ̀ ló ni ín. Bí ẹ bá wá wọn títí tí ẹ ò rí wọn, ẹ fi ṣe sàárà ní orúkọ rẹ̀. Ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yàtọ̀: bí kò bá tíì dé etí ẹni náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí ẹ má lọ tú u fún un, torí ìjà tuntun ló máa dá sílẹ̀. Ẹ ṣe àdúà fún un, kí ẹ sì yìn ín níbi tí ẹ ti bú u. Ẹni tí kò bá ń dá yín lóhùn ńkọ́? Ẹ ṣáà sálámà sí i. Kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan odì kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló sì lóore jù.

Bílẹ̀ bá ṣú, ẹ kí ìrun ìṣáì, ẹ sùn díẹ̀, ẹ dìde kí nọ́fílà (ìrun àfikún) ní méjì méjì bí agbára bá ṣe mọ. Orí àga náà dára. Ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ fi wítírì, ìrun tí a fi ń kádìí òru, parí rẹ̀. Ẹni tó ṣọ́ òru títí di aago mẹ́rin, tó wá sùn kọjá àsùbáà, fàrálì (ìrun dandan) ló fi ra nọ́fílà yẹn.

Ìbéèrè: Kíka súrà Yáásíìn ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn mọ̀gàríbì àti ààwẹ̀ ọjọ́ kejì ńkọ́? *(Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)*

Ìdáhùn: Yáásíìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀kan fún ẹ̀mí gígùn, ọ̀kan fún ààbò, ọ̀kan kí a má baà tọrọ jẹ, àṣà Íjíbítì, Malaysia àti Indonesia ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ànábì. Hádíìsì tó ní ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: wọ́n fẹ̀sùn irọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn tó gbà á wá. Ẹ gba 13, 14 àti 15 pọ̀, bí a ti ń ṣe lóṣooṣù. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ṣì jẹ gbèsè ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó kọjá, ẹ san án báyìí. Inú Ṣàábánì ni Áíṣà, ìyàwó Ànábì, máa ń san tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ará Bangladesh tó wà lókè yàrá wa gbé nǹkan dídùn kan wá fún wa, ó ní "Shab-e-Barat" ni. Ṣé a lè jẹ ẹ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é? *(Òǹkàwé, London)*

Ìdáhùn: Ẹ jẹ ẹ́. Òru yìí kan náà ni, "shab" ni òru ní èdè Páṣíà. Ní Bangladesh, wọ́n máa ń gba ìsinmi ìjọba ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Àwọn ará Turkey ń pè é ní Berat Kandili. "Kandil" ni fìtílà, torí láti ayé Sultan Selim Kejì (1566–1574) ni wọ́n ti ń tan fìtílà sórí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí. Búrẹ́dì róbótó kékeré onísẹ́sámì, ìyẹn yànmọ̀tí, ni tiwọn. Ẹni tó bá ní oúnjẹ náà di dandan ló ṣàṣìṣe.

Èyí tí wọ́n gbé wá fún yín, halwa ni. Sẹ̀mó ife kan, ìdajì ife òróró bọ́tà, ṣúgà díẹ̀ dín ní ife kan, omi ife mẹ́ta, cardamom (èròjà olóòórùn dídùn) mẹ́ta tí ẹ tẹ̀ fọ́. Ẹ yọ́ bọ́tà, da sẹ̀mó sí i, kí ẹ máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí á fi pọ́n díẹ̀ tí á máa ta sánsán. Bí ẹ bá kánjú níbí, ìyẹ̀fun tútù lẹ máa tọ́ wò. Ẹ se omi, ṣúgà àti cardamom lọ́tọ̀, kí ẹ dà á sí i ní gbígbóná, díẹ̀díẹ̀. Omi tútù ló ń sọ ọ́ di kókó. Ó máa ń ta pààpàà sí ni lára, ẹ fà sẹ́yìn. Bó bá ti ń já kúrò lára ìkòkò, ó ti jiná. Ẹ má dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo.