Kí ni "Tac HQ" tó wà lókè lẹ́tà bàbá àgbà?

Ẹnìkan ní Mọ́kọ́lá bi wá pé kí ni "Tac HQ" tí bàbá àgbà òun kọ sókè lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sílé n'Íbàdàn nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970. Ṣé bárékè ni?

Kì í ṣe bárékè o. Bárékè kì í rìn: bárékè Odógbo tó wà l'Ójòó lánàá náà ló wà níbẹ̀ lónìí. Tac HQ, ogun ló ń tẹ̀ lé kiri.

"Tac" jẹ́ ìgékúrú "tactical", "HQ" sì jẹ́ ti "headquarters". Bí ogun bá le, ọ̀gágun máa ń pín ibùdó rẹ̀. Èyí tó tóbi, "Main", á wà lẹ́yìn; ibẹ̀ ni ètò àti ìwé pọ̀ sí. Tac kéré: ọ̀gágun fúnra rẹ̀, ọ̀gá méjì mẹ́ta, àwọn tó ń gbọ́ wáyálẹ́ẹ̀sì, àti ẹ̀ṣọ́ díẹ̀. Ọ̀gágun fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ogun kó tó pàṣẹ. Bí ọkọ̀ àti wáyà bá sì pọ̀ jù lójú kan, ibẹ̀ ni ọ̀tá máa kọjú àgbá sí. Montgomery, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, inú ọkọ̀ àgbérìn ló ń gbé ní Tac tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú ológun Jámánì ti wá tọwọ́ bọ̀wé ní May 4, 1945 pé àwọn túúbá.

Àwọn kan ń pè é ní "olú iléeṣẹ́ ológun". Kò dùn mọ́ mi nínú, torí ilé alájà ló ń gbé wá sọ́kàn. "Ibùdó ọ̀gágun lójú ogun" ni èmi á pè é. Lóòótọ́, ibùdókọ̀ ló kù tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ nínú "ibùdó", àmọ́ ibùdó ogun ni Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dó síbẹ̀. Wọn ò kó kúrò mọ́! Nígbà Ogun Kírìjì náà, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, pẹ́ ní ibùdó títí ó fi kú síbẹ̀ ní 1885. Ìyẹn ti kọjá Tac. Tac gbọ́dọ̀ lè palẹ̀ mọ́ kíá.

Nítorí náà, ìtòsí ọ̀gágun ni bàbá yín wà lọ́jọ́ tó kọ lẹ́tà yẹn. Bí ẹ bá rí "Rear HQ" lórí òmíràn, ọwọ́ ẹ̀yìn pátápátá ló ti kọ ìyẹn.