Gọ́tà tí wọ́n ní ó ti parí: láti ibo dé ibo?

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa kánsẹ́lọ̀ yín, ẹ ní ó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò lóṣooṣù, pé gọ́tà ti parí, iná sólà ń bọ̀ lójú títì, ẹ̀rọ omi ti ń yọ, ẹ ò sì mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ ni tàbí kẹ́ ẹ máa fura. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Èmi ni mo máa ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sétí ìpàdé.

Lọ́dún kan, nínú oṣù Kẹta, kánsẹ́lọ̀ wa kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: "Gọ́tà òpópónà yín ti parí. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ní sùúrù." Mo kà á, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá gbàdúrà fún un. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni ilé kọ̀ọ̀kan máa ń dá lọ́dọọdún ká tó fi gba àwọn tó máa gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lójú àgbàrá kí òjò tó dé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an la fòpin sí owó náà. A ní ìjọba ti bá wa gbé e kúrò lọ́rùn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rìn dé ìdí gọ́tà náà lọ wò ó. Èmi akọ̀wé náà ò débẹ̀.

Òjò ńlá kan wá rọ̀ lóru nínú oṣù Kẹfà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá pè mí sí ilé ìyá opó kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Omi ti gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé. Ilà ẹrẹ̀ wà lára ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi dé orúnkún. Àpò ẹ̀lùbọ́ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, ẹ̀lùbọ́ ti mumi, ó wú, ó ń fún jáde lójú rírán àpò. Ìyá náà jókòó sórí àpótí, ó ń fi abọ́ bu èyí tó wà lókè, bóyá ó ṣì lè rí díẹ̀ sá sóòrùn. Kò bá mi jà. Ohun tó sọ ò ju pé, "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kà á fún wa pé ó ti parí."

Mo gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ jáde, mo sì rí gọ́tà náà. Iṣẹ́ tó dáa ni, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ dán, ó gún régé, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ìyá yìí ló parí sí. Odò ṣì wà níwájú. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ku ìṣísẹ̀ méjìdínlógójì. Gbogbo omi òpópónà wa ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì dà sílé opó kan.

Ó dùn mí gan-an, torí ìlú tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní 1980, tí omi tún gbé èèyàn àti ilé lọ ní oṣù Kẹjọ 2011, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ máa gba ọ̀rọ̀ gọ́tà gbọ́ láìfojú rí i.

A lọ bá kánsẹ́lọ̀ nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò parọ́ fún wa. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní káńsù ló sọ fún un pé agbaṣẹ́ṣe ti parí, agbaṣẹ́ṣe náà sì parí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù dé odò ò sí nínú ìwé náà rárá. Òun náà ò tíì débẹ̀. A jọ lọ lọ́jọ́ yẹn, ó dúró lẹ́yìn ilé ìyá náà fún ìgbà pípẹ́, kò sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí "ó ti parí", ohun tí mo máa ń bi í ni: láti ibo dé ibo? Láti géètì ta ni dé géètì ta ni? Mi ò sì ní kà á fún ìpàdé títí èèyàn méjì nínú wa á fi rìn ín látòkè délẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, inú ń bí kánsẹ́lọ̀, ó rò pé à ń ṣọ́ òun bí olè. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: iná sólà mẹ́fà, láti ìdí igi ágbálùmọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, méjì ò tíì tàn. Ìròyìn tó sọ ohun tí kò tíì tàn, mo lè gbára lé e.

Ẹ tún mọ ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ kì í ná owó káńsù, alága ló ń ná an. Ìjókòó àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìṣúná, ìyẹn ètò ìnáwó ọdún, nítorí náà kí ìṣúná tó jáde ló yẹ kẹ́ ẹ ti fún un ní lẹ́tà, kì í ṣe ìgbà tí òjò bá dé. Òfin Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ojú títì àdúgbò, gọ́tà, iná òpópónà, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, pàntí kíkó, títí kan ìwé ọmọ tuntun àti ìwé àṣẹ ọmọlanke. Tíráńsífọ́mà ò sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ la fi da kánsẹ́lọ̀ láàmú lórí tíráńsífọ́mà kí ẹnì kan tó sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ló ni ín. Bí àdúgbò yín bá sì fẹ́ fowó ara rẹ̀ rà á, ẹ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe máa san án padà.

Bí wọ́n bá ní kò sówó torí gómìnà, ẹ rán wọn létí pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ lè kọ̀wé béèrè ìwé iṣẹ́ pẹ̀lú. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ojú ìwé kan péré la kọ tiwa. Ìgbà tí wọ́n fèsì la tó mọ gígùn gọ́tà tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ̀rọ omi, ẹ béèrè ẹni tó máa ra ẹnu ẹ̀rọ tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i gan-an. Wọ́n ṣí tiwa pẹ̀lú ìlù àti jọ̀lọ́ọ̀fù. Lóṣù kẹta ẹnu ẹ̀rọ kán, kò sẹ́ni tó máa rà á, ìròyìn sì ń sọ pé omi ń yọ. Ní báyìí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá ọ̀ọ́dúnrún náírà lóṣù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì iwájú ẹ̀rọ, ó so ìwé owó mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á.

Ìṣísẹ̀ méjìdínlógójì yẹn, inú oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n parí rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ pè mí pé ká jọ rìn ín. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a dé ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́lùbọ́. Ìyá náà ti ń dúró dè wá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan. Ó dà á sínú gọ́tà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń tẹ̀ lé omi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ títí ó fi já sí odò.