Ráàmù gọgọrọ àti kúlà ńlá: ojú mi rí màbo

Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè pé kúlà (ohun tó ń mú kí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tutù) wo lòun lè rà tí ò ní dí ráàmù (pátákó ìrántí kọ̀ǹpútà) òun lọ́wọ́, tó ní 44mm ni ráàmù òun ga, ẹ dákun ẹ má tíì sanwó, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Èmi náà ra dual tower, kúlà tó ní òpó irin méjì, nígbà tí mò ń to kọ̀ǹpútà mi, fáànù méjì, dúdú kirikiri, ó wù mí débi pé mi ò tiẹ̀ wo ìwé ẹ̀. Ráàmù mi sì rèé, irin RGB, oníná aláràbarà, yọ gọgọrọ lórí ẹ̀. Mo de kúlà mọ́lẹ̀ tán, mo ní kí n fi fáànù iwájú sí i, ló bá jókòó lórí ráàmù bí adìyẹ tó ń sàba, wáyà tó ń di fáànù mú ò dé ihò ẹ̀ rárá. Mo ní kò burú, mo gbé fáànù sókè díẹ̀, ó dè, mo tan án, ó ṣiṣẹ́, inú mi dùn, ó wá ku ká ti ìlẹ̀kùn kéèsì, àpótí tó gba gbogbo ẹ̀. Kò tì o! Kúlà 165mm, mo ti fi 12mm lé e, kéèsì mi ò sì gbà ju 170 lọ. Ẹ ṣáà rí i, bí ẹ bá ṣe gbé fáànù sókè kó lè fo ráàmù, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń gbé e lọ bá ìlẹ̀kùn.

Ǹ bá yọ fáànù yẹn kúrò kí n lọ sùn. Àgídí ò jẹ́. Mo ní màá ṣí irin ara ráàmù, ṣebí gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, mo fà á, mo gbọ́ "tẹ́", mo yí irin padà, ṣíìpù dúdú kan ló lẹ̀ mọ́ ọn tó ń wò mí. Bí ráàmù kan ṣe lọ nìyẹn, wáràńtì ẹ̀ sì bá a lọ.

Torí náà ẹ ka ìwé kúlà dáadáa. NH-D15, dual tower ilé iṣẹ́ Noctua, fún àpẹẹrẹ, tó bá jẹ́ fáànù méjì lẹ lò, ráàmù 32mm ló lè wọ abẹ́ fáànù iwájú, tẹ́ ẹ bá yọ fáànù yẹn ó di 64mm. Ráàmù tí ò ní irin lórí kì í ju bíi 31mm lọ, ìyẹn ò ní wàhálà. Tiyín, 44mm, fáànù kan ṣoṣo àárín ni o, àbí kẹ́ ẹ lọ fún single tower, olópòó kan, bíi NH-U12S, 158mm, tí kì í yọ sórí ráàmù. Òun ni mò ń lò báyìí, mi ò sì rí ìyàtọ̀ kan gbòógì jàre.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra kúlà olómi, èyí tó ń fi omi gbé ooru lọ. Òótọ́ ni pé èyí tó jókòó lórí CPU kéré, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé rédíétọ̀ ẹ̀, irin tó ń tú ooru dànù, kọ́ òkè kéèsì, òun pẹ̀lú fáànù abẹ́ ẹ̀ nípọn tó 52mm, ó lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá ráàmù yẹn náà.

Kéèsì yín gbà tó mélòó? Ráàmù ńkọ́, méjì ni àbí mẹ́rin? Tó bá jẹ́ méjì, sílọ́ọ̀tì (ihò tí ráàmù ń wọ̀) kejì àti ìkẹrin ló sábà máa ń wọ̀, èyí tó sún mọ́ CPU jù á ṣófo, ìyẹn lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀.