Halloween apá kejì: ilé ìwòsàn tí kò ní aláìsàn

Ẹ ní ẹ ti wo Halloween, fíìmù ìbẹ̀rù tí John Carpenter ṣe lọ́dún 1978, ó sì dùn mọ́ yín, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ wo apá kejì, ti 1981, àbí kí ẹ fò ó, kí ẹ bọ́ sí ìkẹta. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé láti ọsibítù ni mo wo apá kejì yẹn, ẹsẹ̀ mi ṣì wà nínú POP.

Òru mọ́kànlá ni mo lò ní wọ́ọ̀dù, kò sì sí ọ̀kan tí ibẹ̀ dákẹ́. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í kú. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ti sinmi ikọ́, ti ẹ̀bá ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Nọ́ọ̀sì á dé láago méjì, á yẹ dírípù wò, á lọ. Láago mẹ́rin, òmíràn á tún jí mi. Pílásítà tí wọ́n fi lẹ abẹ́rẹ́ dírípù mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi ń tu mí nírun nígbàkigbà tí mo bá yíra, títí mo fi kọ́ bí a ṣe ń sùn gbọnrangandan bí igi. Òkùnkùn kọ́ ló bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Àìlèdìde ni. Lóru ọjọ́ kan, mo ń pe nọ́ọ̀sì, oògùn tí wọ́n fún mi kò jẹ́ kí ohùn mi jáde. Mò ń gbọ́ bàtà rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń pe òun. Mo sunkún lóru yẹn, mi ò purọ́.

Ẹ̀rù yẹn gan-an ni mo rò pé màá bá nínú fíìmù náà. Àwọn lámèyítọ́ tí mo kà ti yìn ín títí, wọ́n ní kò síbi tó yẹ ìbẹ̀rù bí ọsibítù lóru. Inú ń bí mi sí wọn dòní, torí ọsibítù inú fíìmù yìí dá páropáro ni. Ìkókó wà nínú yàrá kan, nọ́ọ̀sì díẹ̀, ọlọ́dẹ kan. Àwọn aláìsàn yòókù dà? Ta ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀? Jamie Lee Curtis, tó ṣe Laurie, tó sì gbé apá kìíní ró, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, oògùn ń kùn ún lójú. Ibi tó ti ń wọ́ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí nìkan ni ara mi ti bù máṣọ. Kò pẹ́ tó fi kọjá. Ó kù, abẹ́rẹ́ nínú ojú, omi gbígbóná, ẹ̀jẹ̀. Rick Rosenthal ni olùdarí, ṣùgbọ́n Carpenter fúnra rẹ̀ ló padà ya kún un kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i, òun tó mọ̀ pé apá kìíní kò fi ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bani!

Wọ́n tún sọ Laurie di àbúrò Michael Myers, apànìyàn inú fíìmù náà. Ẹ má bínú pé mo tú u síta. Nínú apá kìíní, a kò mọ ohun tó fi ń lé ọmọ yẹn kiri, àìmọ̀ yẹn ló ń gbọ̀n wá. Ní báyìí ó di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ẹ kíyè sí i o: bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín tàbí fún ẹni yín láìpẹ́, ẹ má fojú kàn án. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ láti inú rọ́bà dírípù. Mo rí rọ́bà yẹn, mo sì di ọwọ́ ara mi mú. Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n gé fún tẹlifíṣọ̀n, ìparí rẹ̀ yàtọ̀.

Ìkẹta, ti 1982, ìtàn mìíràn pátápátá ni, Michael Myers kì í ṣe apànìyàn ibẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ wo ìkejì kí ó tó yé yín. Bí ẹ bá sì wo ìkejì ṣáá, ẹ dúró dáadáa lórí ibi tí Laurie ti ń wọ́ nílẹ̀ yẹn, tó fẹ́ ké, tí ohùn kò jáde.